Ọmọ sunfish yín ò ṣàìsàn o, ebi ló ń pa wọ́n

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kọ̀wé láti Maryland pé ẹ ní ẹja kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní bluespotted sunfish, mẹ́fà, akọ méjì abo mẹ́rin, nínú tánkì gálọ́ọ̀nù 20, pé láti oṣù karùn-ún wọ́n ti yé lẹ́ẹ̀mejì, ẹyin pa, ọmọ jáde, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti tó ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ wọ́n á kàn máa dín kù, dín kù, títí ẹ ò fi ní rí ẹyọ kan mọ́, àwọn ìbejì á wá máa sunkún. Artemia, ọmọ edé tíntìntín inú omi iyọ̀, lẹ ń fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ torí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín tó ń sin àrọ̀ n'Ìbàdàn ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Ẹ ní ṣé àrùn ni, àbí omi ni, àbí bàbá wọn ló ń jẹ wọ́n, àti pé kí ló dé tí àwọn ẹyin kan máa ń funfun bí òwú.

Kì í ṣe àrùn. Ebi ni. Kò rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ọ́ báyẹn torí mo mọ̀ pé ẹ ń fún wọn lóúnjẹ, oúnjẹ wà níwájú wọn lóòótọ́, ẹnu wọn ni ò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n yín ò ṣì yín lọ́nà o, ti àrọ̀ ló sọ fún yín. Ọmọ àrọ̀ tóbi lẹ́nu, tí oúnjẹ inú àpò tó gbé wáyé bá ti ń tán, bí ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ó ti lè gbé artemia mì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pa ẹyin àrọ̀ nílé fi ń ra artemia alágolo bí ẹni ń ra wúrà. Bluespotted yàtọ̀ pátápátá. Òun fúnra ẹ̀ tó bá dàgbà tán kì í ju íǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kò ju mílímítà méjì àti díẹ̀ lọ láti orí dé ìrù. Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sì nìyẹn, òun náà ti tó bí ìdajì mílímítà. Ẹ wá wò ó, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé odidi iṣu kan síwájú ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ní ó yá, máa jẹun. Ọmọ ẹja yẹn á rí i, á máa lé e kiri, á máa fi ẹnu kàn án, agbára tó kù lára ẹ̀ ló ń ná lórí nǹkan tí kò lè gbé mì. Àpò tó wà níkùn ẹ̀ ló fi ń gbé títí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́, tí ìyẹn bá ti tán, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un, òun ni ọjọ́ kẹrin ìkarùn-ún tí ẹ̀ ń rí yẹn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé omi iyọ̀ ni artemia ti wá, tí ò bá rẹ́ni jẹ ẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ á kú sínú omi tánkì, á jókòó sísàlẹ̀, á máa rà, omi á sì bàjẹ́ mọ́ àwọn tó kù lórí.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni mo fi pàdánù gbogbo ọmọ tí ẹja mi bí, mo da oògùn sómi, mo pààrọ̀ fílítà, mo bú akọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tó là mí lójú ni gíláàsì kékeré kan tí wọ́n fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́, mo gbé e sára tánkì lọ́jọ́ kan mo wo ikùn àwọn ọmọ yẹn. Ara wọn mọ́ gaara, ẹ máa rí ohun tó wà nínú ìfun wọn láti ìta. Ọmọ ẹja tó bá jẹ artemia, ikùn ẹ̀ á pọ́n bí ìgbà tí èèyàn kán epo pupa sómi. Tèmi ò pọ́n rárá, òfìfo ni gbogbo ẹ̀, ó sì ti fà wọnú. Ẹ fi ìyẹn dán tiyín wò nígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò kankan ò sí tó dáa tó wíwo ikùn.

Nítorí náà, oúnjẹ tó kéré ju artemia lọ lẹ máa kọ́kọ́ wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ní in kí ẹyin tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde. Ibi tí gbogbo wa ti ń kùnà nìyí. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ẹyin fi ń pa tí omi bá gbóná dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin sí i ni wọ́n á fi lúwẹ̀ẹ́, gbogbo ẹ̀ ò tó ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ yìí náà sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣeé fún wọn.

Infusoria ni wọ́n ń pè é, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi ni, ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wọn, a kì í rà á, a máa ń sìn ín fúnra wa ni. Ẹ wá ìgò mẹ́ta tí ẹnu wọn fẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ta mayonnaise, ẹ fọ̀ wọ́n kó má sí ọṣẹ kankan lára wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi tánkì, ẹ má da omi yẹn nù, ẹ bù ú sínú ìgò kan, ẹ fún fóòmù fílítà sí i díẹ̀, ẹ ju ewé lẹ́tùsì kan sí i tí ẹ ti bọ omi gbígbóná lé kó lè tètè rọ̀, tàbí ewé gbígbẹ. Ewé igi fúrúùtù dáa gan-an, igi tí a máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ tí a máa ń sọ òkò lu yẹn, àwọn oníṣòwò ẹja ń di ewé ẹ̀ sínú ọ̀rá níbí wọ́n ń tà á lówó iyebíye, ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i ẹnu yà mí. Ẹ gbé ìgò síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ní sè é, ẹ má dé e pa. Lọ́jọ́ kejì ìkẹta omi á funfun bí omi ògì, á máa rùn díẹ̀, ìyẹn ò tíì tó, bakitéríà nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀. Tó bá di bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje omi á tún mọ́ padà, tí ẹ bá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ ẹ máa rí bí eruku tó ń rìn fúnra ẹ̀, pàápàá lẹ́bàá òkè, ohun tí à ń wá nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta sáàárín ìgò kan àti èkejì kí ọ̀kan má baà tán kí òmíràn má tíì ṣetán. Tí ìgò kan bá ń rùn bí nǹkan tó kú, ẹ dà á nù, ẹ má fún wọn.

Sìríńjì tí ò ní abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi máa fà á láti òkè ìgò, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, kí ẹ kán an sún mọ́ ibi tí àwọn ọmọ pọ̀ sí. Iṣẹ́ ìbejì nìyẹn tí ẹ bá fẹ́, ọwọ́ ọmọdé máa ń rọ̀ jù tiwa lọ.

Èkejì ẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an ni aràn inú fíníga, vinegar eel lórúkọ tí ẹ máa fi rí i rà. Ó tín-ín-rín ju fọ́nrán irun lọ, ọmọ bluespotted tó ti lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lè fà á mì bí sùpàgẹ́tì, ó sì ń gbé nínú omi tútù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìkú, àárín omi ló ti ń jó kiri níbi tí ẹnu ọmọ ẹja wà. Microworm, aràn tíntìntín mìíràn tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rì sí, mi ò ka ìyẹn sí fún ọmọ tó kéré báyìí. Láti sin aràn fíníga, ẹ da fíníga ápù àti omi ní dọ́gbadọ́gba sínú ìgò, ẹ gé ápù díẹ̀ sí i, ẹ da aràn tí ẹ rà sí i, ẹ gbàgbé ẹ̀ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù kan. Láti kó wọn láìkó fíníga mọ́ ọn, ẹ wá ìgò ọlọ́rùn gígùn, ẹ dà wọ́n sí i títí dé ọrùn, ẹ ki òwú bọ ọrùn kó kan fíníga yẹn, ẹ wá da omi tútù lé òwú lórí. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti gba àárín òwú gòkè wá wá afẹ́fẹ́ nínú omi tútù yẹn, ẹ fi sìríńjì fà wọ́n, ó parí.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí fi artemia dán wọn wò, díẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ wo ikùn. Tí mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá pọ́n, ẹ máa fún wọn ní méjèèjì pọ̀, tí gbogbo wọn bá pọ́n, ẹ lè jáwọ́ nínú ìgò. Artemia yẹn ẹ fún wọn bó bá ṣe ń pa ni, torí òun náà ń jẹ oúnjẹ ara ẹ̀, tó bá fi máa pé ọjọ́ kan ọ̀rá ara ẹ̀ ti dín kù. Ẹ sẹ́ ẹ gba aṣọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, kẹ́ ẹ fi omi tútù ṣàn án kí iyọ̀ kúrò lára ẹ̀, kí èèpo ẹyin má sì bá a wọlé.

Ó kan bàbá wọn báyìí. Ẹ má dá a lẹ́bi tán o. Èpìyà tí a mọ̀ jù nílé, ìyá ló máa ń kó ẹyin sẹ́nu, ní ti sunfish, bàbá ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló ń palẹ̀ ibi tí wọ́n máa yé sí mọ́, láàárín ewé tàbí lórí iyanrìn, òun ló ń fi lẹbẹ fẹ́ ẹyin kí afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀ kí ìdọ̀tí má bà lé e. Ẹ máa mọ̀ ọ́n, ara ẹ̀ á dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ bí èédú, àwọn àmì búlúù yẹn á wá máa tàn lára ẹ̀ bí ìràwọ̀. Gloriosus, ológo, ni onímọ̀ nípa ẹranko, John Edwards Holbrook, sọ ọ́ nígbà tó fún un lórúkọ lọ́dún 1855, ẹni tó bá ti rí akọ tó ń ṣọ́ ẹyin á mọ̀ pé orúkọ yẹn rò ó. Àwọn tó ń jẹ ẹyin lójú tèmi ni akọ kejì àti àwọn abo, torí gálọ́ọ̀nù 20 kéré fún akọ méjì lásìkò ìyé. Bí ẹ bá ti rí i pé ọ̀kan dúdú tó ń lé àwọn tó kù, ẹ kó gbogbo àwọn yòókù sí tánkì mìíràn, àní ike ńlá tó ní fílítà náà á tó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi bàbá nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá kúrò lára ewé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́ kiri, ẹ yọ bàbá náà, torí iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo nǹkan tó bá ń rìn níwájú ẹ̀ oúnjẹ ni. Àgbà lẹ máa yọ o, ẹ má yọ ọmọ. Àwọ̀n á pa ọmọ tó kéré tó báyẹn.

Ẹyin tó funfun, akọ ò dà á ní nǹkan sára ni tàbí ó ti kú, olú tíntìntín ló wá hù lé e. Díẹ̀ kò burú, bàbá náà á máa ṣà wọ́n kúrò. Tó bá jẹ́ ìdajì ló funfun, akọ kejì yẹn ló ń da ìyé rú, tàbí akọ yín ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ìyé kẹta ìkẹrin á dáa jù. Ẹ má da oògùn sí i.

Ẹ béèrè nípa omi. Kò sí nǹkan tó ṣe omi yín ju pé kẹ́ ẹ lo oògùn tó ń pa kílórínì nígbà gbogbo. Nílé a máa ń sọ pé kí omi ẹ̀rọ sùn mọ́jú, òórùn ẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú l'Amẹ́ríkà ń lo chloramine, kílórínì tí wọ́n pò mọ́ amóníà, ìyẹn kì í fò lọ, tó bá tiẹ̀ sun ọjọ́ mẹ́ta. Fílítà fóòmù nìkan ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó ń fà mú gidi á fa ọmọ wọlé. Lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, ẹ máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ìdá mẹ́wàá, kí omi tuntun máa kán wọlé gba páìpù tín-ín-rín.

Ẹ wo ewé tí ẹ bá ń kó wọnú tánkì dáadáa. Ọmọ làmílàmí kì í fò, inú omi ló ń gbé, apẹja sì ni, ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ ọmọ ẹja yín tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tún máa rò pé àrùn ni. Ẹ máa gbọn ewé nínú abọ́ funfun tó ní omi, ẹ máa rí i tó bá ń rìn. Hydra náà ń bẹ, ó dà bí òwú kékeré tó lọ́wọ́ mẹ́fà méje tó so mọ́ gíláàsì, artemia tó bá ṣẹ́kù ló ń mú un pọ̀, ó sì ń mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Tí ẹ bá rí i kí ẹja tó yé, ẹ fọ tánkì yẹn nù kẹ́ ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọdún tó ń bọ̀ tí ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n yé dáadáa sí i, òtútù ni wọ́n nílò. Ẹja ìhín ni, láti New York dé Florida ló ti ń gbé, nínú irà àti omi tó dákẹ́ tó kún fún ewé. Mo ti dúró létí irú omi bẹ́ẹ̀ rí ní Pine Barrens ní New Jersey, omi ibẹ̀ pọ́n bí tíì tí wọn ò tíì da mílíìkì sí, nígbà òtútù yìnyín máa ń bò ó lórí, abẹ́ yìnyín yẹn lẹja wà. Tí a bá fi hítà gbá wọn lára láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, ara wọn ò ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe tèmi: láti ìparí oṣù kọkànlá mo máa ń yọ hítà, mo máa ń jẹ́ kí omi wà láàárín 50 sí 60 lórí ìwọ̀n Fahrenheit fún bí oṣù méjì, ìmọ́lẹ̀ wákàtí mẹ́jọ péré, oúnjẹ díẹ̀. Béésíméǹtì tiyín á ṣe é láìná kọ́bọ̀. Láti oṣù kejì lọ mo máa ń jẹ́ kí omi gbóná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé 72 sí 75, ìmọ́lẹ̀ wákàtí mẹ́rìnlá, mo wá ń bọ́ wọn pẹ̀lú nǹkan tó wà láàyè. Wọn ò ka oúnjẹ gbígbẹ sí. Ekòló tí ẹ gé wẹ́wẹ́, daphnia tó jẹ́ ẹ̀dá tíntìntín inú omi bí edé, èyí tó wá dáa jù ni tanwíjì. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú sẹ́yìnkùlé nígbà ooru, ẹ ju ewé sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ kan á ti kún, ṣùgbọ́n ẹ kó wọn ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀fọn lé àwọn aládùúgbò yín lórí. Abo tó bá jẹ tanwíjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa rí ikùn ẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti pé bí oṣù kan àbọ̀, ẹ pín wọn, ńlá lọ́tọ̀ kékeré lọ́tọ̀. Àwọn tó tètè dàgbà á máa jẹ àbúrò wọn, ìdílé sunfish ni, ìdílé kan náà pẹ̀lú largemouth bass, ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja mìíràn.

Ọ̀rọ̀ òfin: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ lórí ẹja ìbílẹ̀, ẹ pe Department of Natural Resources ní Maryland kẹ́ ẹ tó kó àwọn ọmọ yẹn fún ẹnikẹ́ni tàbí kẹ́ ẹ tó lọ fi àwọ̀n kó òmíràn. Ẹ má sún mọ́ blackbanded tó jọ ọ́ tó ní ìlà dúdú gbọọrọ, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fòfin dáàbò bò ó, Virginia kà á sí ẹja tó wà nínú ewu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da ọmọ tó bá pọ̀ jù sódò, àní tó bá jẹ́ odò tí ìyá wọn ti wá, ẹ ò mọ àrùn tí wọ́n gbé nínú tánkì. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ NANFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972 fún àwọn tó fẹ́ràn ẹja ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí, ibẹ̀ lẹ máa ti rí ẹni tó máa gbà wọ́n tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn.

Omi ṣì gbóná, wọ́n ṣì lè yé kí oṣù kẹjọ tó parí. Ẹ gbé ìgò àkọ́kọ́ kalẹ̀ lálẹ́ òní, èkejì lọ́jọ́ mẹ́ta òní, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sára wọn. Ẹ ra gíláàsì kékeré kan fún Táíwò, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín pé ikùn wọn ti pọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi, àní tó bá jẹ́ ọmọ méjì péré ló pọ́n níkùn, mo fẹ́ gbọ́.